Fọ́tò Ìyá Tẹ́mi ní Nàìróbì

Ìjà ló kọ́kọ́ pa Tẹ́milọ́rùn Bádéjọ àti Adéfẹ́mi Ògúnsànyà pọ̀, ìfẹ́ kàn wá bá wọn níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń wá ìtàn olólùfẹ́ tó fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, kó má bínú, tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí ọ̀sà kún àkúnya ni. Ní abúlé Ìdẹ̀ra, lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀dẹ́ ní ìhà Ìkòròdú, omi wọlé bá àwọn apẹja lórí ibùsùn. Ìlàjẹ lọ̀pọ̀ wọn, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkun ló lé bàbá Tẹ́mi kúrò ní ìlú tí wọ́n bí i sí, ló bá di àwọ̀n rẹ̀ lẹ́rù, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà, ó ní omi tí kì í ru bí òkun kò lè fi òun ṣe nǹkan kan. Ọ̀sà yìí kan náà ló wá gbé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹwàolúwa lorúkọ ọmọ náà, ọmọ tó ṣì máa ń ní kí wọ́n pọn òun tí ọ̀nà bá jìn. Abẹ́ igi àgbọn kan ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ nígbà tí omi fà.

Tẹ́mi kò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní àdúgbò Agric ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a. Ìgbà tó fi máa dé Ìdẹ̀ra, àjọ ìjọba kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àjálù ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, àwọn òṣìṣẹ́ wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Wọ́n kó ẹní àti aṣọ ìbora wá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pín in. Wọ́n to àwọn obìnrin tí omi ṣì ń kán lára wọn sí ìlà, wọ́n ní kí kálukú gbé ẹní lérí kí wọ́n lè yà wọ́n ní fọ́tò.

Tẹ́mi gba àárín ìlà náà kọjá, ó lọ dúró síwájú ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà dání.

"Ọ̀gá, ṣé fọ́tò lẹ wá yà níbí ni, àbí ènìyàn lẹ wá gbà là? Òkú wà nílẹ̀. Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú àwọn ìyá wa."

Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pín ẹrù náà láìsí ìlà, láìsí fọ́tò. Kó tó lọ, ó wá síbi tí wọ́n tẹ́ Ẹwàolúwa sí, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fún bàbá ọmọ náà, ó sì sọ fún Tẹ́mi pé òun ti pa gbogbo fọ́tò tí òun ti yà ṣáájú rẹ́. Ó ní Adéfẹ́mi lorúkọ òun, ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun. Tẹ́mi gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fẹ́mi padà wá láìwọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, ó ní òun wá béèrè àlàáfíà ìyá ni. Ó tún wá. Nígbà tó yá, kò rí àwáwí wí mọ́, ó ń wá náà ni. Ní ọjọ́ Sátidé, á ti Ẹ̀pẹ́ wọ Ìkòròdú, á dúró de Tẹ́mi lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á sì jọ wọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Á jókòó ti bàbá, á máa bá a tún àwọ̀n ṣe, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá á tú u, á tún un ṣe, á tún gbé òmíràn fún un. Tẹ́mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀, ó rí i pé òun ò fẹ́ kí ọkùnrin yìí dìde lọ mọ́, ẹ̀rù sì bà á.

Ẹbí méjèèjì ni kò fẹ́. Ìyá Fẹ́mi, tí Tẹ́mi ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, sọ ọ́ láìfi bò. Ó ní òun kò mọ ìdílé ọmọ náà, òun kò mọ ilẹ̀ wọn. Ẹni tí òkun lé, tí ọ̀sà tún lé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà rẹ̀ ju èje lọ. Ará omi ni wọ́n, kí wọ́n máa fẹ́ ara wọn lórí omi. Bàbá Tẹ́mi ní tirẹ̀ kò bínú síta. Ó kàn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá fún ènìyàn ní ẹní lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ wó, ojú ẹni tó gba ẹní ni yóò máa fi wò ó títí ayé.

Àǹtí Lateefat ló ṣe alárinà. Àbúrò bàbá Fẹ́mi ni, obìnrin kúkúrú kan tó ń ta ike àti garawa ní Agric, tí kì í rẹ̀ ẹ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó bọ̀ sí Ìdẹ̀ra, ó gbé ọ̀rọ̀ tó le kalẹ̀ lọ́nà, ó fi èyí tó rọ̀ jíṣẹ́. Ó bẹ̀ títí Màmá Ẹ̀pẹ́ fi ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n, bàbá Tẹ́mi náà sì ní òun gbọ́. Wọ́n mú ọjọ́ tí ẹbí Fẹ́mi yóò wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Àpérò kan ní Nàìróbì ló kàn ṣáájú ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, Tẹ́mi àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀sà, tí ó bá ti ń kún, wọ́n á lọ láti abúlé dé abúlé láti kìlọ̀. Iṣẹ́ wọn dé etí àwọn tó ń ṣètò àpérò àgbáyé lórí àjálù ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n sì ní kó wá. Fẹ́mi náà ń lọ, àjọ rẹ̀ yàn án pé kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé àwọn jọ ń lọ, inú wọn dùn bí ẹni pé ìrìn-àjò ìyàwó ni.

Ibi tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni inú ti kọ́kọ́ bí Tẹ́mi. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò rí ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bi í léèrè ẹni tó pè é, ẹni tó sanwó rẹ̀, ìgbà tó máa lọ. Fẹ́mi àti ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n mú ìwé ti ìjọba dání, ti kọjá. Fẹ́mi bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ padà wá, ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ lọ. Tẹ́mi rí i. Ó ní kò burú, iṣẹ́ niṣẹ́.

Ó rò pé gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló ń móoru, òtútù Nàìróbì sì fi hàn án pé àlejò ni. Wọ́n fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn, orúkọ Nàìjíríà tóbi lára rẹ̀ ju orúkọ tirẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè pe èyíkéyìí nínú ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń ka òkú ìlú kan mọ́ òkú ìlú kejì bí ẹni ń ka iṣu, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á tún padà wá kà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́ nǹkan, ó sì ń kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òun àti Fẹ́mi rìn lọ ra àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Fẹ́mi ń sọ nípa ilé kan tó rí ní Ẹ̀pẹ́, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Ó bi Tẹ́mi bóyá yóò lè máa wo omi láràárọ̀. Tẹ́mi ní tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni yóò máa wò ó, òun á lè ṣe é.

Ọjọ́ kejì ni Fẹ́mi sọ̀rọ̀. Tẹ́mi yẹ kó wà ní yàrá mìíràn, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń ṣèpàdé, ó sá kúrò níbẹ̀ kó lè wá gbọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn. Fẹ́mi wọ kóòtù, ó dáa lójú rẹ̀. Ó kí àwọn ènìyàn, ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ìyá Tẹ́mi sì yọ níbẹ̀.

Ó ga bí ilé. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìró rẹ̀ ti já sí ìdí, ọmú rẹ̀ wà níta, irun rẹ̀ tú, ọwọ́ rẹ̀ kan di igi àgbọn yẹn mú. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ gbogbo ń wò ó. Àwọn kan ń yọ fóònù láti ya fọ́tò fọ́tò náà. Fẹ́mi ń sọ̀rọ̀ nìṣó ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Ó ní àjọ àwọn kìlọ̀ fún abúlé yìí dáadáa kí omi tó dé. Ó ní àìmọ̀kan àti agídí kò jẹ́ kí wọ́n kúrò. Ó ní obìnrin tí ẹ ń wò yìí kọ etí ikún sí ìkìlọ̀, ọmọ rẹ̀ ló fi san án. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Tẹ́mi kò mọ ìgbà tó dìde. Ó gba máìkì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri fún àwọn tó ní ìbéèrè. Ó ní, "Ìyá mi lobìnrin yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa. Kò sí ẹni tó wá." Fẹ́mi gbójú sókè, ó rí i, ó di igi.

Alága ìjókòó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò láti Nàìjíríà fún ọ̀rọ̀ tó ti inú ọkàn rẹ̀ wá, ó ní ó mà ṣe o pé àkókò ti lọ, kí wọ́n bá a sọ ọ́ nídìí tíì. Nídìí tíì, wọ́n bò ó. Ọ̀kan dì mọ́ ọn láìbéèrè. Ọ̀kan fún un ní káàdì. Obìnrin òyìnbó kan ní ìbínú rẹ̀ wọ òun lára gan-an, ṣé kò ní í bínú kó tún un sọ níwájú kámẹ́rà, nínú ọgbà tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa. Tẹ́mi wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀. Ìbínú òun pàápàá, wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun kí wọ́n fi ṣọjà. Ó já káàdì ọrùn rẹ̀, ó sọ ọ́ sórí tábìlì láàárín ife, ó jáde.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Fẹ́mi ti lé e bá, lábẹ́ igi kan tí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀.

"Tẹ́mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Èwo lo fẹ́ ṣàlàyé? Fọ́tò tí o ní o ti pa rẹ́, àbí ìkìlọ̀ tí ẹ kò ṣe?"

Ó ní fọ́tò náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kí òun tó pa ti ọwọ́ òun rẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà, àárọ̀ yẹn ni wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Ó ní òun rò pé Tẹ́mi wà ní yàrá kejì.

"Ká ní mo wà ní yàrá kejì, ó ti dáa nìyẹn?"

Fẹ́mi ní wọn yóò lé òun lẹ́nu iṣẹ́ tí òun bá kọ̀, kí làwọn yóò wá fi ṣe ìgbéyàwó.

"Má fi ìgbéyàwó mi bo irọ́ rẹ. Fẹ́mi, wò mí. Ṣé o mọ̀ pé ẹ ò kìlọ̀ fún wa?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ. Ìkìlọ̀ náà wà lórí tábìlì wa. Kò sí ẹni tó gbé e wá fún yín."

Tẹ́mi rò ó. Gbogbo Sátidé. Gbogbo àwọ̀n tó bá bàbá rẹ̀ tún ṣe. Gbogbo oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ bù fún un, ìyá tó máa ń mú ẹja tó tóbi jù sí àwo rẹ̀. Ó ti mọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Tẹ́mi kò lù ú, kò bú u. Ó ní kó kúrò lọ́nà fún òun, ó sì kúrò.

Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti to ìjókòó wọn pọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Fẹ́mi gba omi fún Tẹ́mi, Tẹ́mi gbé omi náà fún ìyá àgbà kan tó jókòó ní ìhà kejì. Ìgbà tí oorun gbé Fẹ́mi, orí rẹ̀ yẹ̀ sí èjìká Tẹ́mi. Tẹ́mi jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ohun tó bí i nínú jù nìyẹn, pé òun jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nígbà tó délé, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n fagi lé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun kò ṣe mọ́. Àfi bí ẹni pé ó da omi gbígbóná sí inú àwọn èèrà. Àwọn tí kò fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń fẹ́ jù. Màmá Ẹ̀pẹ́ pè é lórí fóònù, ó ní òun ti sọ fún gbogbo ìdílé, òun kò ní í jẹ́ kí ọmọ apẹja kan dójú ti òun. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọkùnrin tó ní iṣẹ́ tó dáa kò sí nílẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Tó bá ń kọjá ní Agric tó sì gbọ́ ohùn tó jọ ti Fẹ́mi, ọrùn rẹ̀ á ti yí kó tó rántí pé inú ń bí òun. Ó máa ń rò ó bóyá òun le jù, bóyá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kò ní ẹnu. Lẹ́yìn náà á rántí ọmú ìyá rẹ̀ lára ògiri.

Àǹtí Lateefat, ẹni tí Fẹ́mi ti ròyìn fún, ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Ó wá bẹ̀bẹ̀ ní Ìdẹ̀ra, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Tẹ́mi, ó ní kí ìyá bá òun bẹ ọmọ rẹ̀, pé fọ́tò yẹn kò tó ohun tí wọ́n ń tú ilé ká sí. Ìyá ní fọ́tò wo. Àǹtí Lateefat wo Tẹ́mi, Tẹ́mi wo ilẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n fi han òun.

Àwọn tó ṣe àpérò ti gbé fídíò gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Tẹ́mi ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Ìyá wo ara rẹ̀. Kò sunkún, kò bo ojú. Ó ní kí Tẹ́mi sọ ohun tí ọmọkùnrin náà ń wí fún òun, Tẹ́mi sì sọ ọ́ fún un, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn.

"Ó ní wọ́n kìlọ̀ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó ní mo kọ̀?" Ó dá fóònù padà. "Tí wọ́n bá rí ọmú mi, mo ti fi fún ọmọ, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èmi ni mo pa Ẹwà. Lateefat, ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ọmọ yín kó wá. Kó má mú ẹbí wá, kó má mú ẹrù wá. Kó wá sọ ọ́ níbí, lójú àwọn tí omi kó nílé, ẹni tó kọ̀ àti ẹni tí kò kọ̀."

Tẹ́mi kò jẹ́ kí Àǹtí Lateefat nìkan gbé iṣẹ́ náà lọ, nítorí ó mọ̀ pé á rọ̀ ọ́ lọ́nà. Àwọn méjèèjì jọ wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n bá Màmá Ẹ̀pẹ́ ní iwájú ilé rẹ̀, Fẹ́mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti rù. Tẹ́mi kúnlẹ̀ kí ìyá, ó dìde, ó sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán an bó ṣe gbà á.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ní iṣẹ́ kí ni ìyẹn. Ó ní tí ọmọ òun bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, wọn á lé e. "Ṣé torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ọmọ mi ó fi pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀?"

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín," ni Tẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yẹn lẹ fi ń pè wá ní ará omi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ọmọ yín fi pa àbúrò mi lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ìyá mi ṣe apànìyàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé sára ògiri, ṣé ẹ ó ní lásán ni?"

Màmá Ẹ̀pẹ́ ní kó má gbé ohùn sókè sí òun níwájú ilé òun. Tẹ́mi ní òun kò gbé ohùn sókè. Òótọ́ ni, kò gbé e sókè, ìyẹn ló sì mú un bani lẹ́rù. Fẹ́mi dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ó kọjú sí Tẹ́mi. "Màá wá."

Ó wá lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e láti Ìjẹ̀dẹ́, òun nìkan. Àwọn ará Ìdẹ̀ra ti pé síwájú ilé ìjọsìn, tọkùnrin tobìnrin, kò sì sí ẹni tó fún un ní ìjókòó. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Tẹ́mi fi fóònù gba ohùn àti àwòrán òun sílẹ̀, nítorí òun máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà ní Nàìróbì, àti sí ọ́fíìsì òun. Ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò gbé e wá. Ó ní kò sí ẹni tó kọ̀ ní Ìdẹ̀ra, torí kò sí ẹni tó gbọ́. Ó ní irọ́ ni òun pa níwájú ayé, òun sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí òun ń pa á. Ó ní ìyá yìí kò pa ọmọ rẹ̀.

Bàbá Tẹ́mi ń wo omi.

Ìyá ní, "O ò tíì pe orúkọ rẹ̀. O ń wí pé ọmọ, ọmọ. Ó lórúkọ."

"Ẹwàolúwa," ni Fẹ́mi wí. "Ẹwàolúwa Bádéjọ."

Ìyá sunkún. Gbogbo àwọn obìnrin bá a sun ún. Tẹ́mi, tí kò sunkún ní Nàìróbì, tí kò sun ún nínú ọkọ̀ òfuurufú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó sun tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n lé Fẹ́mi lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá Tẹ́mi alára sọ pé ẹni tó bá lè dúró nínú oòrùn kó pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́, òun lè fún un lọ́mọ. Àǹtí Lateefat ti ń wá ọjọ́ tuntun. Nígbà tí Fẹ́mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Agric, tó bi Tẹ́mi pé kí ló tún kù, ìbínú tí Tẹ́mi rò pé ó ti rọlẹ̀ tún gbéra.

"Ohun tí o ṣe ní Ìdẹ̀ra, ẹ̀tọ́ ìyá mi ni. Gbèsè tí o jẹ ẹ́ ni, bí wọn ò tiẹ̀ bí mi rárá. Má gbé e wá fún mi bí ẹrù ìdána."

"Tẹ́mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. O jẹ oúnjẹ ìyá mi pẹ̀lú ohun tí o mọ̀ nínú. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí màá máa wò lẹ́nu tó bá ń jẹun. Máa lọ. Tí mo bá sọ pé rárá, kó má di ẹjọ́ ẹbí. Kó kàn jẹ́ pé mo sọ pé rárá."

Ó lọ. Kò rán alárinà. Àǹtí Lateefat fẹ́ wá, Fẹ́mi ní kó má ṣe wá.

Òjò ọdún tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Ẹgbẹ́ Tẹ́mi kò ní ènìyàn tó pọ̀ tó mọ ìhà Ẹ̀pẹ́, Fẹ́mi sì wá bá àwọn ọ̀dọ́ náà pé òun á máa wa ọkọ̀ ojú omi fún wọn. Tẹ́mi kò lé e, kò sì kí i ju bó ṣe ń kí àwọn yòókù lọ. Wọ́n jọ ń ti abúlé bọ́ sí abúlé. Ó ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń gbé àwọn arúgbó sẹ́yìn, kì í wá ojú Tẹ́mi. Tí wọ́n bá bu oúnjẹ fún wọn ní ibi kan, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo Tẹ́mi, á sì mú àwo rẹ̀ lọ jẹ níbi tí Tẹ́mi kò ti ní í rí òun.

Ní ọjọ́ kan, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, baálẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kò sí ẹni tó máa kúrò. Ó ní ọmọ kékeré wo ló ń pàṣẹ fún òun. Tẹ́mi bínú débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ dúró. Ó sọ ti Ẹwàolúwa fún baálẹ̀ náà, ó sọ ti igi àgbọn, ó ní tí ọmọ kan bá kú síbí lọ́la, òun fúnra òun ni òun máa wá pe orúkọ baálẹ̀ níwájú ayé. Àwọn àgbà ń wo Fẹ́mi pé kó bá wọn pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́. Fẹ́mi ní gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ̀, àwọn ìyá ti ń kó ọmọ gòkè lọ sí ilé ìwé. Baálẹ̀ pàápàá tẹ̀lé wọn, ó ń kùn.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àwọn yòókù ti sọ̀kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ó ku àwọn méjì nínú ọkọ̀. Tẹ́mi kọjú sí iwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Fẹ́mi."

"Mo ń gbọ́."

"Àwọn ẹbí rẹ, ìgbà wo ni wọ́n lè wá sí Ìdẹ̀ra?"

Ẹ́ńjìnnì ń dún, Fẹ́mi rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó pa á. Ọkọ̀ ń léfòó lójú omi jẹ́jẹ́.

"Ṣé inú ò bí ọ mọ́ ni?"

"Ó ń bí mi. Ìgbà wo ni wọ́n lè wá?"

"Màá béèrè lọ́wọ́ màmá mi lónìí."

Tẹ́mi yíjú padà, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Má béèrè," ló wí. "Sọ fún wọn."